Ẹ̀rín Nínú Àkànlò-Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ yìí, kò ì tíì rí ibi tí a gbé fi ènìyàn rẹ́rìn-ín títí tí kò fi lè gbé ojú sókè mọ́. Èmi rí i. Kì í sì í ṣe pé mo rí i nìkan. Èmi gan-an ni mo dá kún un láìmọ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ nígbà náà. Nítorí náà, bí mo ti fẹ́ sọ díẹ̀ nípa bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ẹ̀rín ṣe àkànlò-èdè, àti ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, n kò lè ṣe é bí ẹni tí ó jókòó lókèèrè tí ó ń wòran. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi ná.

Bàbá mi ń ta páànù àti ìṣó ní Agbeni, ní Ìbàdàn. Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní Iléṣà, tí gbogbo wa nínú ilé ń pè ní Bàbá Iléṣà. Aláwàdà ènìyàn ni. Bí ó bá wọ ilé wa, kí ó tó jókòó ni ẹ̀rín yóò ti máa pa àwọn ìyá wa ní ilé ìdáná. Ní ọdún kan, Bàbá Iléṣà ń kọ́ ilé. Ó ti sọ fún gbogbo ẹbí pé kí Kérésìmesì tó dé, òun yóò ti kan páànù. Bàbá mi ni ó gba owó páànù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n páànù kò tètè ti Èkó dé. Kérésìmesì dé, ó kọjá, ọyẹ́ ń fẹ́ wọ inú ilé tí kò ní òrùlé. Ní oṣù kejì ọdún, lẹ́tà kan dé láti Iléṣà. Bàbá Iléṣà kò mọ̀wé. Ọmọ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ akọ̀wé ni ó bá a kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi kọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé lẹ́tà tí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ a máa wúwo ju èyí tí a fi Yorùbá kọ lọ.

Ọdún kejì mi nìyẹn ní ilé ẹ̀kọ́ girama, èmi sì ni ògbufọ̀ ilé wa. Bàbá mi na lẹ́tà náà sí mi. Mo ń kà á lọ títí mo fi dé ibi tí a kọ ọ́ sí pé, "You have made me a laughing-stock." Mo dúró díẹ̀. "Laughing" kò ṣòro: ẹ̀rín ni. "Stock" kò tilẹ̀ ṣòro rárá, nítorí sítọ́ọ̀kù ni à ń pe ọjà tí ó wà nílẹ̀ ní ilé ìtajà wa. Ní òpin ọdọọdún ni èmi àti bàbá mi máa ń ka sítọ́ọ̀kù. Mo bá ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ ti sọ àwọn di ọlọ́jà ẹ̀rín."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi mà tún dé! Kọ ọ́ sí i pé kí ó di díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú ọjà náà, kí èmi náà rí nǹkan tà títí páànù yóò fi dé." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fi í ránṣẹ́.

Èsì kò dé. Nígbà tí páànù dé ní oṣù kẹta, Bàbá Iléṣà rán ọmọ wá kó o. Òun fúnra rẹ̀ kò yọjú. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú ní ọdún kejì, kò wá sí ìsìnkú. Bàbá mi kò mọ ohun tí òun ṣe. Ó ní ó dàbí ẹni pé ẹnìkan ti ba òun jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun. Èmi ni ẹni náà, n kò sì mọ̀.

Ọdún méje kọjá kí n tó mọ̀. Ní yunifásítì ni, nígbà tí a ń ka eré Shakespeare kan, The Merry Wives of Windsor, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1602. Àlejò méjì wà nínú eré náà: òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ó jẹ́ ará Wales, àti oníṣègùn kan tí ó jẹ́ ará Faransé. Gẹ̀ẹ́sì kò dán mọ́rán lẹ́nu àwọn méjèèjì, ohun tí àwọn onílé sì fi ń ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ dé láàárín wọn, wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò fi idà pàdé. Onílé ọtí kan tí ó fẹ́ fi wọ́n ṣe àríyá sọ ibi ọ̀tọ̀ fún ọ̀kan, ó sọ ibi ọ̀tọ̀ fún èkejì. Olúkúlùkù dúró títí, kò rí ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé níkẹyìn, onílé ọtí ní kí a gba idà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má gé ara wọn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa gé. Nígbà náà ni ará Wales sún mọ́ ará Faransé, ó bẹ̀ ẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí àwọn má ṣe jẹ́ laughing-stock fún àwọn tí ń fi àwọn ṣeré.

Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé, mo rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ara mi tutù. Ohun tí Bàbá Iléṣà sọ ni pé, "O ti sọ mí di ẹni ẹ̀sín." Èsì tí a fún un ni pé kí ó di ẹ̀sín náà ránṣẹ́ kí a rí i tà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ni ó pa "stock" àti ẹ̀rín pọ̀? Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kùkùté tàbí ìtì igi ni "stock". Ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ ni ó sì ti yọ lára rẹ̀ bí ẹ̀ka. Igi tí a fi ń de ẹlẹ́ṣẹ̀ lẹ́sẹ̀, èyí tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní àbà, "stocks" ni. Ìdí ìbọn tí a fi igi gbẹ́, "stock" ni. Ìdílé tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá, "stock" ni, nítorí láti ìdí igi ni ẹ̀ka ti ń yọ. Ọjà tí ó wà nílẹ̀ ní Agbeni náà, "stock" ni. Èmi kò ṣi ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Ẹ̀ka tí kì í ṣe tirẹ̀ ni mo dì mú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, gbà pé láti ara àbà ni laughing-stock ti wá. Ó sì rọrùn láti gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ńlá tí ó pa àìmọye ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ di ọ̀wọ́n, wọ́n sì ń béèrè owó tí ó pọ̀ sí i. Òfin tí ìjọba ṣe ní 1351 láti dá wọn lẹ́kun pàṣẹ pé kí a ṣe àbà sí ìlú kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí ó bá ṣe oríkunkun. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá há sínú àbà ní gbangba, tọmọdé tàgbà ni yóò fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ọ̀rọ̀ kò gba ibẹ̀ lọ. Wọ́n rí i pé laughing-stock ní àwọn ọmọ ìyá: "whipping-stock" ni ẹni tí a ń nà lẹ́gba, "gazing-stock" sì ni ẹni tí a ń wò bí ìran. Èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí wà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, nínú ìwé Náhúmù àti nínú ìwé sí àwọn Hébérù. Nínú gbogbo wọn, ènìyàn tí a sọ di ìtì igi ni "stock": a gbé e kalẹ̀, kò lè sá, kò lè fèsì, ẹni tí ó bá sì wù ú a fi ojú, tàbí ẹgba, tàbí ẹ̀rín lù ú. Kí ọdún 1550 tó pé ni laughing-stock ti wà nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí mo mọ èyí tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àkànlò ẹ̀rín yòókù. Mo rí i pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀ ni: ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín, a sì ń fi ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Bí o kò bá mọ èwo ni èwo, o kò tíì mọ ìtumọ̀.

Ẹ wo "laugh in one's sleeve", èyíinì ni kí ènìyàn rẹ́rìn-ín sínú apá ẹ̀wù. John Heywood, tí ó kó òwe àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọ sínú ìwé kan ní 1546, lo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, apá ẹ̀wù àwọn ọlọ́lá a máa fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè gbé e bo ojú. Ẹni tí ó bá ti wọ agbádá rí kò ní í béèrè bí èyí ti rí. Ní ti laughing-stock, ẹni tí a fi ń rẹ́rìn-ín mọ̀, gbogbo ayé sì mọ̀. Ní ti apá ẹ̀wù, gbogbo ayé lè mọ̀, ṣùgbọ́n òun ní tirẹ̀ rò pé iyì ni a ń bu fún òun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì òde òní ṣì ń sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá ẹ̀wù wọn ti há tí kò lè fi eyín kan pamọ́ mọ́.

"Laugh to scorn" ńkọ́? Nínú Bíbélì 1611, nínú Ìhìnrere Mátíù, orí kẹsàn-án, a kà á pé Jésù wọ ilé ìjòyè kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ kú, ó ní ọmọ náà sùn ni. Àwọn ènìyàn sì fi í rẹ́rìn-ín. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ìbá fún wa ní nǹkan bí "wọ́n rẹ́rìn-ín in dé ẹ̀gàn". Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tí ó ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti 1843, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá tí ó parí ní 1884, kò bá a lọ sí ibẹ̀. Ẹ̀rín ẹlẹ́yà ni wọ́n pè é. Wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn ní ìbéèrè tí èmi kò bi ara mi: ta ni ń rẹ́rìn-ín, ta ni a fi ń rẹ́rìn-ín, kí sì ni a ń pe irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ní ilé wa?

Amòye Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Hobbes, tilẹ̀ gbìyànjú láti sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ Leviathan, tí ó jáde ní 1651, ó ní ògo òjijì ni ó ń fa ẹ̀rín: a rí àbùkù kan lára ẹlòmíràn, a fi ara wa wé e, inú wa sì dùn pé a sàn jù ú lọ. Ó fi kún un pé àwọn tí wọ́n mọ̀ pé àwọn kò ní láárí púpọ̀ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín báyìí jù. Ní 1748, ìjòyè kan tí a ń pè ní Lord Chesterfield kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ pé kí ó máa rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láéláé. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gbọ́n tán, kò sí ẹni tí ó gbọ́ tòun. Wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde ní 1774, nígbà tí ó ti kú. Irú àwọn ọlọ́lá bẹ́ẹ̀ kì í kọ̀ láti fi ènìyàn rẹ́rìn-ín o. Ariwo rẹ̀ ni wọn kò fẹ́.

Ẹ̀rín kan tún wà tí a fi ọ̀rọ̀ "sardonic" pè, ẹ̀rín kíkorò. Àwọn Gíríìkì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti jogún rẹ̀. Homer ti lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Odyssey. Àwọn ará àtijọ́ so ó mọ́ erékùṣù Sardinia, wọ́n ní ewéko kan wà níbẹ̀ tí ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ yóò máa kú lọ, ojú rẹ̀ yóò sì fà bí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín. Ó jọ àlọ́. Ṣùgbọ́n ní 2009, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Ítálì tẹ ìwádìí jáde pé ewéko olóró tí a ń pè ní Oenanthe crocata, tí ó ń hù ní Sardinia, lè jẹ́ ewéko náà, nítorí oró inú rẹ̀ a máa fa iṣan ojú ènìyàn. Ẹni tí ó bá wo eyín nìkan yóò ní ayọ̀ ni. Ikú ni.

Kí ẹ má baà rò pé ẹni ìsàlẹ̀ kò ní olùgbèjà nínú èdè wọn, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí èyí tí ó sọ pé ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín kẹ́yìn ni ẹ̀rín rẹ̀ dára jù. Lára àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí ó pẹ́ jù ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa, ní St John's College ní Oxford, nínú àwọn eré tí wọ́n fi ṣe ọdún Kérésìmesì ní 1607 sí 1608. Ó ní ẹni tí a gbé kalẹ̀ bí ìtì igi lónìí lè dìde lọ́la. Ó sì ní ẹni tí ó rí ọ̀nà mìíràn. Liberace, atẹdùùrù ará Amẹ́ríkà, a máa sọ nípa àwọn tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn dun òun tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi sunkún títí dé báńkì. Ní 1959, ó pe ìwé ìròyìn kan tí ó bà á lórúkọ jẹ́ lẹ́jọ́ ní London, ó sì gba £8,000. Lónìí, "laugh all the way to the bank" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ: ẹkún ti di ẹ̀rín. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa, nítorí àwọn àgbà tiwa náà ní, ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.

Kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ní kọ̀rọ̀ báyìí. Bí Gẹ̀ẹ́sì kan bá túmọ̀ "ẹ̀rín pa mí" ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò lọ pe ọlọ́pàá. Bí ó bá sì gbọ́ adẹ́rìn-ínpòṣónú, yóò ní apànìyàn ni. Àwa mọ̀ pé ẹni tí ó lè mú ẹni tí ojú rẹ̀ le rẹ́rìn-ín ni. Bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀sín, àwàdà sì yàtọ̀ sí ẹlẹ́yà. Bàbá mi mọ ìyàtọ̀ náà ju mí lọ fíìfíì. Bí mo bá ti sọ "ẹni ẹ̀sín" fún un ní ọjọ́ náà, kò bá má jókòó; ọkọ̀ Iléṣà ni ìbá wọ̀.

Ní ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo délé, mo sì sọ fún un. Kò bá mi wí. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ní, "Ọdún méje." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a gbéra. A bá Bàbá Iléṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ páànù náà gan-an. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì ro ẹjọ́ mi láìdìde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ní kí n tún ohun tí mo sọ fún bàbá mi lọ́jọ́ náà sọ.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ tirẹ̀. Ó ní nígbà tí èsì wa dé, àlejò kún ilé òun. Ọmọ òun kà á sókè, ó túmọ̀ rẹ̀, gbogbo àlejò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rín ti páànù, mo fara dà á. Èyí tí mo rò pé ọ̀rẹ́ mi rán sí mi ni n kò lè gbé." Bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Ó pẹ́ díẹ̀, Bàbá Iléṣà wojú rẹ̀, ó ní, "Ọ̀rẹ́, ọjà tí o béèrè yẹn, mélòó ni o tilẹ̀ fẹ́ rà?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ṣì dọ̀bálẹ̀ bá wọn rín in. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Iléṣà ti tún ń wá sí ilé wa. Ṣùgbọ́n ìsìnkú ìyá àgbà ti kọjá lọ, kò sì sí ìtumọ̀ tí ó lè mú un padà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni ògbufọ̀ ilé wa. Lẹ́tà, ìwé ilé ẹjọ́, ìwé dókítà, àwa ni wọ́n ń nà án sí. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí ẹ rò pé ẹ mọ̀, tí kò sì bá ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká mu, ẹ má ṣe sáré fún un ní ìtumọ̀ ti ilé ìtajà yín. Ẹ wá ìdí rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ta ni ń rẹ́rìn-ín àti ta ni a fi ń rẹ́rìn-ín, kí ẹ tó la ẹnu yín.